Páìpù Tó Kọjú Sílé

Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n ní.
Eino, ta ló da èyí síwájú mi?
Láti oṣù Ọ̀wàrà ni òjò Astoria ti ń rọ̀
bí ẹni tó jẹ gbèsè tó ń san án díẹ̀díẹ̀.
Ó ń gba òkè Huckaby sọ̀ kalẹ̀,
ó ń tọ ọ̀nà mọ́tò wa tààrà bí àlejò tó mọlé,
ó sì ń wọ gáréèjì láìkan ilẹ̀kùn.
Àwọ̀n ìpẹja rẹ ti hu funfun nídìí.
Bàtà òjò rẹ méjèèjì léfòó lánàá,
ọ̀kan kọjú sí mi, ọ̀kan kẹ̀yìn.

Ọgbọ̀n ọdún lo fi ń sọ pé Delmar ni.
Delmar ló gé igi òkè,
Delmar ló da kọnkéré sí àgbàlá,
Delmar ló ń ti omi sí wa lọ́rùn.
Eji ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá,
ṣùgbọ́n ìwọ gbà pé ó ń bá Delmar ṣọ̀rẹ́.
Ẹ ò kí ara yín láti ọdún tí Kaarina wọ ilé ìwé.
Èmi náà bá ọ yàn án lódì,
mo bá ọ gbé ẹrù tí n kò tú wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ kóòtù, mo bọ́ sínú òjò,
mo ju ewé kan sómi, mo tẹ̀lé e bí ọmọdé.
Ewé kọ́kọ́ ṣe bí ẹni máa yà sí títì,
ó rò ó, ó yí padà, ó kọrí sílé.
Mo fi òkúta sàmì síbi tó ti yí ọkàn padà.

Ibẹ̀ ni mo gbẹ́.
Èmi, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.
Amọ̀ ibẹ̀ di ṣọ́bìrì mú bí ajá tó rí egungun.
Ìkúnlẹ̀ kan, ìsinmi kan, ife kọfí kan.
Nígbà tó jìn dé orúnkún,
irin kan nǹkan, gbò.
Páìpù funfun, oníhò wẹ́wẹ́,
gbòǹgbò ti dí i lọ́fun,
ọ̀bẹ ìpẹja rẹ lo fi kọ ọ́ sí i lára:
E. Lampila, oṣù Kẹjọ.
Kò sí ọdún.
O ò sọ fún mi.

Mo gbé igi ìdiwọ̀n rẹ lé e,
èyí tí afẹ́fẹ́ róbótó kan ń gbé inú rẹ̀.
Afẹ́fẹ́ náà sáré lọ síhà títì.
Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e lé e. Ó tún sáré.
Títì ló ga, ilé ló rẹlẹ̀,
ìwọ̀n ìka kan péré.
Eino, ọkọ mi,
ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ pe omi wálé,
o wá ń dárúkọ Delmar.

Mo jókòó sínú kòtò, mo rẹ́rìn-ín
títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.
Lẹ́yìn náà, nǹkan mìíràn dé tí kì í ṣe ẹ̀rín.
Òjò ò jẹ́ kí n mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Delmar dúró lókè, ọwọ́ lápò. Mo pè é.
Ó wo páìpù, ó wo igi ìdiwọ̀n, ó panu mọ́.
Mo yìn ín fún ìyẹn.
Nígbà tó yá, ó ní: “Òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn gáréèjì mi.
Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn.”
Ìgbà wo? Mi ò bi í.

A tẹ́ aṣọ sínú kòtò, a da òkúta sí i,
a tẹ́ páìpù tuntun, ihò rẹ̀ dojú bolẹ̀,
ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá kọjú sí títì wàyí.
A tún da òkúta bò ó,
a ṣẹ́ aṣọ lé e lórí bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Lóru, òjò dé. Mo gbé àga lọ sí gáréèjì.
Ilẹ̀ gbẹ.
Mo ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀,
ó ń rojọ́ ara rẹ̀ lọ sí títì, kò wẹ̀yìn.
Páìpù àtijọ́ wà lórí tábìlì.
Mo ti fọ amọ̀ ara rẹ̀ dànù.
Kaarina ní kí n jù ú nù.
N kò tíì dá a lóhùn.